Orúkọ Yín Ló Wà Níbẹ̀

Màámi,

Ara mi le, òtútù ibí ò tíì pa mí. Ẹ bá mi dúpẹ́! Jọ́nà tí mo sọ fún yín, ìyẹn ìwé táwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn jáde, ti gba prógíráàmù mi. Wọ́n dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi bi mí pé báwo la ṣe máa to orúkọ wa. Mo ní, "Ẹ̀yin làgbà, sà. Bẹ́ ẹ bá ṣe ṣe é náà ló dáa." Ní Kétu, àgbà tó bá gbọ́ irú ẹ̀ á fi orúkọ ọmọ tó ṣiṣẹ́ ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló kọ. Nígbà tí mo bèèrè, ó ní ṣebí èmi náà ni mo ní bóun bá ṣe ṣe é ló dáa.

Ẹ má bínú, èmi náà ò bínú. Ẹ ṣáà má fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yunifásítì mọ́, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan.

Tí jọ́nà náà bá dé Mile 12, ẹ má wá orúkọ mi fáwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín. Ẹ ní kí Màríyámọ̀ àbúrò mi wá SUWEBAT. Orúkọ yín ni mo sọ prógíráàmù náà. Ìyẹn nìkan ni wọn ò yọ.

Ẹ kí gbogbo ará ìsọ̀ tòmátì. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa.

Ọmọ yín,
Afeez