Ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nì Kú Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kọkànlá, 1989. Yaba.

Inú ń bí mi sí eré kọ̀ǹpútà yẹn, ó sì ń bí mi sí ara mi.

Ọmọ ogun mẹ́rin ló ń rìn nínú ayé tí bọ́ǹbù ti run. Orúkọ wa gan-an ni mo fún wọn: èmi, Ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nì tó ni kọ̀ǹpútà, Àǹtí Bísí ìyàwó wọn, àti àbúrò mi. Láti oṣù tó kọjá la ti ń gbádùn ẹ̀.

Lónìí, ìbọn ba Ràmọ́nì. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ti kú.

Àǹtí Bísí pariwo. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló ní kó o kọ orúkọ ọkọ mi síbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ìgò mínírà ọwọ́ wọn kalẹ̀. “Káyọ̀dé, jí mi dìde jàre.”

Kò ṣeé ṣe. Eré burúkú yẹn ti fúnra ẹ̀ tọ́jú ikú náà sórí dísìkì.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, “Ṣé kò sí oògùn kankan lọ́wọ́ yín nígbà tí ìbọn bà mí ni?”

Mo ní kò sí.

Ó ku ẹyọ kan. Mo fi pamọ́ fún Káyọ̀dé, èmi inú eré, tí nǹkan kan ò tíì ṣe.

Ẹ̀gbọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n tún sìn mí dé Jíbówú.