Ẹ̀yìn Ló Ń Dùn Ún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ìpàdé ìlera ọpọlọ lónìí, níwájú ilé ìwòsàn wa oníyàrá méjì. Èèyàn mọ́kànlélógún. Èmi nọ́ọ̀sì dìde, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán: bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn, ẹ má fi èèyàn yín pamọ́, ẹ má tijú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà ìlú ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí bẹ́ǹṣì kún.

Bí mo ṣe ń kó àga wọlé, aránṣọ béèrè ọkọ mi. Oṣù méjì rèé tí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ti wà ní títì.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

Irọ́. Ẹlẹ́rìn-ín — bí mo ṣe ń pè é nìyẹn nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín — wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Nǹkan kan ò ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Kò wẹ̀. Kò jẹun. Mo ti fèrèsé pa kí aráyé má baà rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ sílé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sunkún, ó ń dá sọ̀rọ̀, látìgbà tó ti bímọ. Ìyá ń po ìyẹ̀fun, ó yí i lápá dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá wèrè? Mo ní kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó wò mí títí.

"Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ èèyàn yín ńkọ́? Ṣé ẹ máa mú un jáde?"

"Kíákíá báyìí." Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

"Ó dáa. Mo gbà yín gbọ́."

Mo délé, mo tún wò ó bóyá fèrèsé ṣì wà ní títì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Lánàá Ìyá Oníbúrẹ́dì mú ọmọ rẹ̀ gba ojú títì wá forúkọ sílẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi yíjú wò wọ́n. Ẹnì kan fìka tọ́ka sí orí ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, búrẹ́dì kún tábìlì ìyá náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ra méjì. Bíi pé méjì máa wẹ̀ mí mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ — àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé lóòótọ́ ni dókítà ń bọ̀ lọ́la? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń rí irú tòun? Mo ní kó ní sùúrù, a máa lọ rí ẹlòmíràn lọ́nà jíjìn, níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Ó mi orí. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Bẹ́ǹṣì kún. Mo wà nídìí tábìlì dókítà, mò ń kọ fọ́ọ̀mù. Mo gbójú sókè: ọkọ mi. Ó ti wẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ò bára mu. Dókítà nìkan ni kò mọ̀ pé ọkọ mi ni.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta ló bá yín wá?"

Ó wò mí. Ó fún mi láyè, mo mọ̀ pé ó fún mi láyè. Mo tẹjú mọ́ ìwé.

"Kò sẹ́nì kankan," ló sọ. "Ìyàwó mi rìnrìn àjò."

Ọkùnrin tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ fún oṣù méjì, òun náà ló tún ń bá mi gbé ìtìjú mi. Mo retí kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wá di ọkọ mi lápá mú. "Àbúrò mi ni, dókítà. Èmi ni mo bá a wá." Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Fọ́ọ̀mù ní ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹbí aláìsàn. Mo kọ orúkọ ìyá náà síbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ẹlẹ́rìn-ín ti ń lo oògùn. Dókítà ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ọkọ mi. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Mi ò bínú. Àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn o, fún ẹni tó ń dá rìn."

Mo fẹsẹ̀ kà á nírọ̀lẹ́ yìí, láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ilé ìwòsàn. Kò pé ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀.