Iwájú Orí Sirmaya

Sirmaya ọmọ mi, olùkọ́ àwọn olùkọ́,

Ṣé dáadáa lo wà nínú èéfín Katimandú yẹn? Ṣé ò ń jẹun yó? Kí òrìṣà orí òkè tó ń ṣọ́ wa níbí na ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o má fẹsẹ̀ kọ. Àwa náà wà. Ẹfọ̀n wa bí abo, òjò gbé ògiri ilé ewúrẹ́ lọ, jéró sì yọmọ dáadáa lọ́dún yìí. Ara ìyá rẹ nìkan ni kò le. Ikọ́ yẹn kò lọ, ìjókòó ló ti ń sùn báyìí, torí bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ kì í délẹ̀ mọ́.

Má bínú pé a kò pè ọ́ láti ọdún Dasain èṣí. Fóònù ti kú. Ṣé o rántí pé o yọjú sí wa nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí o ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí o wálé? Ìyá rẹ ní kò burú, iwájú orí rẹ ṣáà ti dé. Ó po ìrẹsì mọ́ wàrà kíkan àti àtíkè pupa bó ṣe máa ń pò ó, ó lẹ tíkà náà mọ́ ọ níwájú orí nínú fóònù, ó ń ṣàdúrà. Èmi náà lẹ tèmi. Lójú ẹsẹ̀ lo ṣókùnkùn. A sá ọ sóòrùn títí, o kò padà. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ òkè bi mí pé ta ló fún un lóúnjẹ.

Ohun kan rú mi lójú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ́ni, kí ló tún kù tó ń lọ kọ́ lọ́dọọdún? Mo rò pé ò ń fìdí rẹmi ni, mi ò sì jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Àfi ìgbà tí Tíṣà Lokendra, tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé wa, ti ọ̀dọ̀ yín dé tó ní ìwọ lò ń kọ́ wọn. Ọkùnrin náà ti yí padà o! Ó ju pàṣán nù, ó ní kí àwọn ọmọ kọjú síra wọn ní méjì-méjì kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Dhanjit aládùúgbò wa lọ bá a jà, ó ní bí ọmọ bá ń kọ́ ọmọ, ta wá ni ìjọba ń sanwó fún? Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́. Ewúrẹ́ mi gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kí i.

Lóṣù tó kọjá ó tún lo ọgbọ́n rẹ mìíràn, pé kí àwọn ọmọ bi àgbàlagbà ní ohun tó ń fẹ́ jù láyé, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ Bàbá Dhanjit wá bá ìyá rẹ. Ìyá rẹ húkọ́, ó rò ó, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ sí páálí, ó ya òkè wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Ìyá rẹ ní o ti gbọ́ nìyẹn. Ó ní kí n lọ wá iyanrìn odò tí a ó fi gbin bálì tí a máa ń fi èéhù rẹ̀ súre fún ọmọ ní Dasain. Nígbà tí èsì rẹ dé, Tíṣà sáré gun òkè wá, ó ní o yin iṣẹ́ náà gan-an, pé wàá fi han àwọn tíṣà tí ẹ máa kọ́ nígbà ọdún Dasain, bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ tó dára. Ìyá rẹ bi í pé ọjọ́ wo lo wá ní ò ń bọ̀. Tíṣà ní o kò sọ ọjọ́ kankan. Wọn ò kọ orúkọ arúgbó tó sọ̀rọ̀ náà sórí páálí.

Sirmaya, ìyá rẹ ni arúgbó náà.

Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé iṣẹ́ lò ń ṣe, ó sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

O mọ̀ pé lẹ́tà bàbá kì í parí láìtọrọ owó. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ikọ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tìrẹ, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wálé. O ṣáà mọ̀ pé ilé tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kì í lẹ tíkà.

Kí ẹ̀mí rẹ gùn, kí ọ̀nà rẹ là, kí ọmọ tí o kọ́ má gbàgbé rẹ. Ìyá rẹ ló máa ń parí àdúrà yìí, mi ò mọ ìyókù. Wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Manbir