Ìwé Kò Mọ Ebè Í Kọ

                                        Ilé Ògúndélé,
                                        Òkè-Ọjà,
                                        Ìlúpéjú-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹrin, 1961.

Olúdayọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Bí o bá jókòó, dìde dúró, nítorí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ mọ́. Èmi Súnkànmí, èmi nìkan, mo kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ebè lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gba ipò kìíní nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, láàárín gbogbo ọmọ tó wà láti Ìdó dé Ìkọ̀lé. Díẹ̀ ló kù kí olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ó dáa, jókòó padà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Modúpẹ́ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn ńkọ́? Ìyá Modúpẹ́ ńkọ́? Modúpẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín tó ń dà á láàmú ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Gbogbo wa níhìn-ín ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Sòbìà tó mú bàbá mi lẹ́sẹ̀ ti jáde tán, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ ti oṣù kejì ni mo fẹ́ sọ. O ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe àṣeyọrí, kó ju gbogbo nǹkan nù, kó di ìwé nìkan mú. O ní ìwọ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́, o ò tilẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́, òmùgọ̀ ni mí.

O rántí ẹgbẹ́ àáró wa, àwa mẹ́fà, Akínlolú ni olórí. Bí gbogbo wa bá ṣe oko bàbá ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn ló kàn, kálukú ló sì ní ìlà tirẹ̀ tí yóò kọ. Nígbà tó kan oko bàbá Akínlolú, mo ránṣẹ́ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tó kan ti Adéwùnmí, mo ní ibà náà tún ti dé. Àṣé bí mo ṣe ń ké ìṣirò lẹ́yìnkùlé wa, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sóko ló ń gbọ́ mi!

Ó wá kan tiwa. Sòbìà ti so bàbá mi mọ́lẹ̀ nígbà náà, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, iṣu tí a fẹ́ gbìn sì ti ń hù nínú abà. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá mi dé oko. Ìyá mi gún iyán ẹni mẹ́fà, ó gbé e tẹ̀ lé wa. Oòrùn yọ, oòrùn gòkè, iyán tutù, ẹnìkan ò yọjú. Bàbá mi ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹgbẹ́ àáró ni ààrò tiwa, ìwọ lo sì yẹ̀ nídìí rẹ̀." Ni wọ́n bá mú ọkọ́, wọ́n ń tiro lọ. Ebè kẹrin ni wọ́n kọ tí wọ́n fi ṣubú.

Nígbà tí mo ti gbé wọn sábẹ́ igi, mo sáré lọ bá àwọn Akínlolú lóko bàbá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú poro.

Akínlolú ní, "Ha, Súnkànmí! Ibà rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ka ùwé tán?"

"Kó padà sí ulé!" Adéwùnmí ní. "Kí ùwé rẹ̀ lọ kọ ebè fún un!"

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "bàbá mi ṣubú lóko."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Akínlolú nàka sí ilẹ̀ kan tó kún fún koríko láàárín ebè tuntun. "Ìlà rẹ nìyẹn, a ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ń dúró dè ọ́ lóko bàbá Adéwùnmí náà. Uṣẹ́ la fi í san uṣẹ́. Kọ méjèèjì, a ó wá."

Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́fà. Mo fi ọjọ́ méjì kọ ìlà méjèèjì, lọ́jọ́ kẹta gbogbo wọn dé. Iyán ọjọ́ náà kò rí àyè tutù. Akínlolú, tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, ń bi mí ní ìṣirò láti poro dé poro; bí mo bá ti ṣì í, yóò sọ erùpẹ̀ lù mí lẹ́yìn. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ!

Ọwọ́ mi lé ròrò nígbà tí mo wọ ìdánwò ní Ọ̀yẹ́, kálàmù ń ta mí bí agbọ́n. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀: iṣu ti wọlẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní àṣeyọrí báyìí nìyẹn, kí n máa kàwé láìjẹ́ pé ẹnìkan ń ṣubú lóko nítorí mi. Dayọ̀, jọ̀ọ́, wá ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn. Padà sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ tí ohùn rẹ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ò ní sá lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Àdùkẹ́ àbúrò mi ń kí ọ, ìyá mi náà ń kí ọ.

Kí n tó pa lẹ́tà yìí dé, ọkàn mi ń bá mi wí. Irọ́ ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta: ebè tí mo kọ lóko wa kò tó ọgọ́rùn-ún. Irọ́ ni ipò kìíní: ogójì ọmọ ni wọ́n mú, èmi ni ẹni kọkàndínlógójì. Olùkọ́ yẹn ò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n irọ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ni "èmi nìkan" yẹn.

                                        Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                        Súnkànmí Ògúndélé.