Ẹran Iléyá ní Ojúlé Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Nùrẹ́nì,

Àsàlámù àlékùm o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ilé tí mo rà sí Mówè lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, kí n lè sún mọ́ Awwal ọmọ mi, dára kọjá sísọ. Yàrá mẹ́rin ni, omi ẹ̀rọ wà nínú ilé, kò sí ariwo ẹnikẹ́ni. Mo ti pààrọ̀ yàrá tí mò ń sùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè gbádùn gbogbo wọn ni.

Mo pa àgbò. Mo pín in bí a ṣe máa ń pín in l'Óṣogbo, mo gbé abọ́ dání, mo ń kan géètì àwọn aládùúgbò. Ojúlé mẹ́ta kò ṣí. Ní ìkẹrin, ìyàwó ilé yọjú, ó wo abọ́, ó ní, "Mọ́mì, èló lẹ ń tà á?" Ẹ̀rín pa mí! Mo ní sàárà ọdún ni. Ó dúpẹ́, kò gbà á, ó sì ti géètì. Ẹ má dá a lẹ́bi, ayé ti le. Ẹran kún fìríìjì mi báyìí, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́ bí ọba.

Awwal ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá lọ́dún.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Yàrá mi tí mo ní kí ẹ fún Táòfíkì, ṣé ó ti kó wọ ibẹ̀? Bí kò bá tíì kó wọ ibẹ̀, ẹ ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo gbàgbé ẹrù kan síbẹ̀.

Àbúrò yín,
Kúdírátù