Ọkọ̀ Jìbírílù Kò Tíì Kú

Ilé Olóògbé Jìbírílù,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí Kékeré,
Agbonou, Atakpamé.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1989.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àwọn Àgbà,
Ẹgbẹ́ Mẹkáníìkì Ojú Ọ̀nà Agbonou,
Atakpamé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá àti ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ỌKỌ̀ ÌJÀPÁ OLÓÒGBÉ JÌBÍRÍLÙ TÍ WỌ́N FẸ́ TÚ LÁÌDÁN AN WÒ

1. Èmi ni Àwẹ̀ní, ìyàwó olóògbé Jìbírílù, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀. Abọ́ tánganran ni mò ń tà ní ọjà Atakpamé láti ọdún tí Tógò ti gba òmìnira. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín, n kò sì mọ òfin yín. Àìmọ̀ yìí ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ rò fún yín, n kò sì ní fi ẹ̀bi tèmi pamọ́.

2. Ní ọdún 1963 ni ọkọ mi ra ọkọ̀ Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ òyìnbó oníṣẹ́ ọ̀nà tó ń padà sílé. Ọkọ̀ yẹn ló gbé mi lọ bí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun náà ló ń gbé àwọn aboyún Akparé wá sí ilé ìwòsàn nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn wa, ọkọ mi kì í béèrè ẹni tó rán wọn.

3. Ọkọ mi kú ní ọdún 1986. Ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Raymond, tó fi ọdún méje kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì fi ọdún méje jẹ ọbẹ̀ mi. Àdéhùn wa ni pé kí ọkọ̀ náà máa wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní igun ọgbà. N kò rí ìjà níbẹ̀.

4. Raymond ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kan báyìí. Yóò ṣí ara ọkọ̀ àtijọ́ kúrò, yóò fi ìsàlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, yóò wá gbé ara tuntun tí wọ́n fi fáíbà, irú ike líle kan, ṣe lé e, irú èyí tó jọ ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje láyé àtijọ́. Ó dára lójú, n kò ní purọ́. Méjì ti lọ sí Lomé. N kò bá iṣẹ́ náà jà. Ọkọ mi pàápàá máa ń yọ nǹkan lára ọkọ̀ tó ti kú láti fi wo èyí tó wà láàyè sàn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì ọkọ̀ tó ń lọ sí Sokodé ni ì bá máa sùn nínú igbó.

5. Ṣùgbọ́n òfin wà fún un, ẹ̀yin ni ẹ sì ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ọkọ̀, wọ́n á pe olówó rẹ̀, ẹlẹ́rìí mẹ́ta á dúró, wọ́n á sì yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀ mẹ́ta. Bí kò bá dáhùn ní ìkẹta, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí. Ẹni tó bá rí imọ̀ ọ̀pẹ lórí ọkọ̀ mọ̀ pé ó ti kú, àti pé olówó rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ gbogbo èyí.

6. Ẹ̀bi tèmi nìyí. Láti ìgbà ooru ọdún tó kọjá ni oòrùn ti ń bó ọ̀dà ọkọ̀ náà, nítorí igi máńgòrò ti wọ́wé. Mo bá gé imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé mi, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti gbẹ. Ibòji ni mo fi ṣe. Nígbà tí Raymond, tó ti wà ní Lomé fún oṣù mélòó kan, dé, ó rí imọ̀ náà, ó sì rò pé a ti pe ẹlẹ́rìí lẹ́yìn òun.

7. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo dé ọgbà, mo bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n fi ti ara igi máńgòrò. Iná iwájú rẹ̀ kò sí mọ́. Raymond dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò rí mi fín rárá. Ó ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ni òun yóò ṣí ara rẹ̀ kúrò, àti pé kí n bá òun mú ìwé ọkọ̀ náà wá, káàtì gíríìsì, nítorí orúkọ àti nọ́ńbà àtijọ́ ni tuntun yóò máa jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òfin imọ̀ ọ̀pẹ, mo sì ṣàlàyé fún un pé ibòji ni mo fi ṣe. Ó wá ní òun ti ṣèlérí ọkọ̀ tuntun náà fún onílé ìtura kan ní Lomé, àti pé ọkọ̀ tí kò rìn fún ọdún mẹ́ta ti kú, imọ̀ ọ̀pẹ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, àti pé ó sàn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa sáré lójú títì ju kí ó jẹrà lọ.

8. Ó tún fi Kamina ṣe àpẹẹrẹ, ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn Jámánì kọ́ sí tòsí wa láyé àtijọ́. Ó ní àwọn bàbá wa kó irin ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n lólè. Òótọ́ ni. Irin Kamina ni àdá bàbá ọkọ mi tó wà nílé títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn Jámánì tó ni ín ló fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ọ kí wọ́n tó lọ. Èmi kò fọ́ tèmi, n kò sì tíì lọ. Ní ti ìwé ọkọ̀, orúkọ Jìbírílù ló wà nínú rẹ̀. Kò tọ́ kí orúkọ rẹ̀ máa sáré kiri etí òkun lórí ohun tí kò fojú rí rí.

9. Raymond bi mí léèrè ohun kan tí n kò lè dáhùn lójú rẹ̀: kí ló dé tí èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi kò yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́ta? N ó dáhùn níhìn-ín, nítorí ìwé kì í wo ojú ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo dá wà. Nínú àwọn ọmọ mi, Múítì wà ní Libreville, Sẹ̀ríyà wà ní Kutọnu, àbíkẹ́yìn mi ti ṣáájú bàbá rẹ̀ lọ. Léonie, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kí ara wa lórí ògiri láràárọ̀, ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Kpalimé. Ọjọ́ mìíràn wà tí ohùn mi máa ń ha bí mo bá ń kí oníbàárà àkọ́kọ́, nítorí n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àná. Bí mo bá kírun Alaásàrì tán, n ó lọ jókòó nínú ọkọ̀ náà, n ó sì ro bí ọjà ṣe lọ fún Jìbírílù. Kọ́kọ́rọ́ wà ní etí aṣọ mi. N kò yí i nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì yí i, kò tíì kọ̀ láti dáhùn.

10. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ dá Raymond dúró ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí ó sì dá ilẹ̀kùn àti iná ọkọ̀ náà padà sáyè wọn. Kí ẹ rán ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá fún òwúrọ̀ mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí òfin yín. Kí wọ́n fi bátìrì tó dára àti epo tuntun sí i, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò lè yára dìde. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ ti Raymond pẹ̀lú. Kì í ṣe ọmọ burúkú.

11. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, n ó wá awakọ̀ tí yóò gbé e wá sí àgbàlá mi. Bí kò bá dáhùn ní òwúrọ̀ kẹta, n kò ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Kí Raymond mú ohun gbogbo, àfi ìwé. Ohun kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yàtọ̀ sí òfin: kí ẹ jẹ́ kí èmi yí kọ́kọ́rọ́ náà. N kò mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Bí ó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni yóò dá wa lóhùn, mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìrètí,

Àwẹ̀ní Jìbírílù (Ìyáàfin),
Opó olóògbé Jìbírílù,
Oníṣòwò abọ́, Ọjà Atakpamé.