Akínbọ̀wálé, Orin Ọṣẹ Yẹn Ló Kù

Akínbọ̀wálé, ọdún mẹ́ta rèé tí o fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko! Àwọn tó wá kí wa nígbà náà ní tó bá yá, ara á máa tù wá. Kò tíì tù wá o.

Màmá ṣì wà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, kì í ṣe ẹnu; wọ́n ṣì ń bá gbogbo àdúgbò wí ní Ìlaròó níbí. A ti parí òrùlé ilé tó kó ọ láyà sókè nígbà yẹn. Ọlámipọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ti pé ọdún méje. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ dànù, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́.

Bàbá Àjàdí rẹ náà ṣì wà. Àwọn èèyàn ṣì ń wo eré àwòrán tí o fọwọ́ ara rẹ yà lórí fóònù láti Ajílété dé Ìhùnbọ́: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti ewúrẹ́ kan tó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí o máa ń fi pamọ́ sínú rẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù. Bàbá Àjàdí á ṣàdédé máa bínú bí ẹni tó ń ka ìròyìn lédè Faransé. Ìyàwó rẹ̀ á jó yí igi ìbẹ́pẹ ká bí òṣèré fíìmù Íńdíà. Ẹni tó bá mọ ibi tí o ti mú u á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí kò mọ̀ á máa bi ará ilé léèrè.

Ìpín kejìlá ni o kò rí parí. O ti gba gbogbo ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Màmá, ibì kan ṣoṣo ni o fò. Bàbá Àjàdí ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. O ti ya ẹnu náà tán, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó ń là, ó ń padé, kò sì sí ohùn. Ohun tí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pé: “Orin ọṣẹ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n.”

Akínbọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Lukman, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, fi í han Fẹ́yìsetán ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó rò pé kò le. Ní Ìjóùn tí ẹ ti dàgbà, nígbà tí Bàbá ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, tẹlifíṣọ̀n Kútọnu nìkan ni ẹ̀rọ wa ń gbé. Ìpolówó ọṣẹ Kútọnu ni kó jẹ́, àbí kí ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ síbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ń ta ọṣẹ kọ orin mẹ́ta fún un, ó gbà á sórí fóònù, ó gbé wọn lé ẹnu Bàbá Àjàdí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kankan kò bá ẹnu náà mu. Lukman bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣáà fi èyí tó bá sún mọ́ ọn síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Fẹ́yìsetán kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lóṣù tó kọjá, òun àti Màmá jọ ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń ráhùn orin náà. Màmá wò ó.

“Ọṣẹ wo ní tẹlifíṣọ̀n? Ìwọ lo máa ń kọ ọ́ fún un tí o bá ń wẹ̀ ẹ́, kó má baà sunkún. O hun ún fúnra rẹ ni.”

Ó bi Màmá bí orin náà ṣe lọ. Màmá ní inú ilé ìdáná làwọn máa ń wà, ẹ̀rín yín nìkan làwọn ń gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹ́yìsetán nígbà náà, ìwọ jẹ́ mẹ́ta. O mú orin tó fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, o fi sáàárín ìròyìn Faransé àti fíìmù Íńdíà, bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n! Ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ti gbàgbé.

Ó ti gbìyànjú o. Ó padà sí Ìjóùn, ó dúró lẹ́yìn ilé tíṣà yẹn títí ojú fi tì í lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ó wẹ Ọlámipọ̀ bóyá ọwọ́ á rán ẹnu létí, ọmọ náà ní òun ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà míì, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa wo ètè Bàbá Àjàdí, á sì máa la tirẹ̀ bó ṣe ń là á. Kò sí nǹkan kan tó jáde.

Òní la gbé ìpín kejìlá jáde. Fẹ́yìsetán kò gbà kí wọ́n fi ohunkóhun síbẹ̀. Bàbá Àjàdí la ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, kò sí ohùn, àwọn èèyàn sì ti ń kọ̀wé pé fóònù àwọn ló bàjẹ́ ni àbí kí ló dé. A kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Àárò rẹ ń sọ wá, Akínbọ̀wálé. A fẹ́ràn rẹ, a fẹ́ràn rẹ gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní òun wá a títí, òun kò rí i, kí o jọ̀ọ́, má bínú.